Òtútù Dé Tán: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Lórí Ilé Iṣẹ́ Iná àti Yìnyín

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ku díẹ̀ kó wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ amúnáwá máa ń bi mí. Mo ti dáhùn wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí yìnyín tó dé, kì í ṣe lóru ọjọ́ tí iná bá lọ.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ wa kọ̀, kò tan. Bátìrì tuntun ló wà nínú rẹ̀ o.

Díísù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ọ̀rá inú rẹ̀ ti dì, ó ti dí fílítà. Ẹ ra díísù ìgbà òtútù, kí ẹ sì jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ títí èyí tó wà nínú páìpù tẹ́lẹ̀ yóò fi jó tán.

Ìbéèrè: Bátìrì inú substation, ibùdó tí wọ́n ti ń pín iná, kì í pẹ́ mọ́ kó tó kú.

Yàrá rẹ̀ tutù jù. Ní -18°C, bátìrì olójé lè sọ nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ nù. Ẹ fi hítà sí yàrá náà.

Ìbéèrè: Fááfù tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́ kò ṣí láàárọ̀.

Omi wà nínú atẹ́gùn yín. Ẹ tú omi táǹkì dànù, kí ẹ tún ẹ̀rọ tó ń gbẹ atẹ́gùn ṣe. Ẹ má da omi gbígbóná lé páìpù, yóò tún dì.

Ìbéèrè: Bírékà, ẹ̀rọ tó ń já iná ńlá tó sì ń so ó padà, ní gáàsì òun ti dínkù, kò gbà ká ṣí i, kò gbà ká tì í. A wá ibi tó ń jò títí, a ò rí i. Ṣé ká rọ gáàsì kún un?

Rárá o! Gáàsì SF6, èyí tó wà nínú bírékà yín, máa ń di omi bí òtútù bá mú un dáadáa. Ní présọ̀ tí ọ̀pọ̀ bírékà ń lò, nǹkan bí -30°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gáàsì yín kò lọ síbì kankan, ìsàlẹ̀ táǹkì ló ṣàn sí. Bí ẹ bá rọ òmíràn lé e, ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá gbóná, présọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Hítà tí wọ́n wé mọ́ táǹkì ni kí ẹ lọ wò, ó ti kú. Níbi tí òtútù ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń po SF6 mọ́ gáàsì mìíràn bíi nitrogen tàbí CF4, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn tó ṣe bírékà nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Ìbéèrè: Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí omi inú bọ́ílà ṣe pọ̀ tó máa ń parọ́ lóru, bọ́ílà á sì pa ara rẹ̀. A ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Wáyà tó ń mú páìpù gbóná wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn. Kí ló kù?

Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Ẹ yé ra sẹ́ńsọ̀.

Omi inú bọ́ílà gbóná janjan lóòótọ́, ṣùgbọ́n páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́ sẹ́ńsọ̀, omi inú rẹ̀ kì í ṣàn, ó kàn dúró ni. Bí atẹ́gùn òtútù bá ń fẹ́ sí i, kì í pẹ́ dì. Bó bá ti dì, sẹ́ńsọ̀ kò mọ ohun tó ń lọ nínú bọ́ílà mọ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2021, ní Texas, irú páìpù bẹ́ẹ̀ kan tó dì ló mú kí ẹ̀rọ kìíní ní South Texas Project, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì, dákẹ́. Ó lé ní 1,200 mẹ́gáwáàtì tó lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárọ̀ tí wọ́n ń wá iná lójú méjèèjì.

Èmi náà bá a jà ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ó sì gba ìgbà òtútù kan gbáko lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ní gbogbo òru. Àfi òru tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti àríwá, ní ìdájí. Gbogbo ènìyàn ló ń nawọ́ sí iná aláwọ̀ ewé tó wà lójú pánẹ́ẹ̀lì pé, "Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wò ó." Ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé iná kúrò nínú pánẹ́ẹ̀lì. Kò sọ pé ó dé orí páìpù. Mo fi mítà tó ń há wáyà láàárín wọ̀n ọ́n, mo fi áńpíà tí mo rí wé èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà náà sí i. Kò tó ìdajì. A tú ìbòrí páìpù náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nídìí fááfù kékeré kan, ẹni tó tún fááfù náà ṣe nígbà ooru ti tú ojú ìsopọ̀ wáyà, kò so ó padà, ó sì fi ìbòrí bò ó rekete. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, iná kankan kò dé.

A so ó. Áńpíà pé. Atẹ́gùn àríwá tún fẹ́, páìpù tún dì.

Ìgbà yẹn ni mo lọ wo ibi tí wọ́n fi ojú tẹmósítáàtì sí, ẹ̀rọ tó ń wo òtútù kó tó tan wáyà náà tàbí kó pa á. Ara ògiri ni, lẹ́yìn bọ́ílà, níbi tí atẹ́gùn kò dé, tí ooru bọ́ílà sì ń fẹ́ sí. Ó ń rí ooru níbẹ̀, ó ń pa wáyà, òdìkejì sì ń dì. Ìbòrí ẹ̀gbẹ́ àríwá náà kò sàn jù: ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kọ sókè, òjò ti ń wọ inú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo fún un, omi ṣàn dé ìgúnpá mi. Ìbòrí tó bá rin kì í dáàbò bo páìpù, ooru páìpù ló ń gbé jáde. A gbé ojú tẹmósítáàtì lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù, a pààrọ̀ ìbòrí, a dojú ìsopọ̀ rẹ̀ délẹ̀, a sì fi páànù dí ọ̀nà atẹ́gùn. Kò dì mọ́.

Àwọn kan á sọ fún mi pé, "Wọ́n ní tiwa gbà á dé -20°C." Pẹ̀lú atẹ́gùn tó lágbára tó báwo? Atẹ́gùn kì í mú páìpù tutù ju ojú ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń yára gba ooru lára rẹ̀. Ìwọ̀n òtútù tí kò sọ ti atẹ́gùn kò pé. Ẹ wọn áńpíà wáyà kọ̀ọ̀kan kí òtútù tó dé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Àwa ti múra tán, gáàsì ni kò dé.

Ẹ ò tíì múra tán nìyẹn. Ní Texas ní 2021 yẹn, frequency, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó yẹ kó wà ní 60 Hz já wálẹ̀ dé 59.3, ó sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá já kúrò, kí gbogbo rẹ̀ wó. Wọ́n ní láti já iná àwọn aráàlú. Ṣùgbọ́n wọ́n já ti àwọn kọnpirẹ́sọ̀ gáàsì kan mọ́ ọn, torí wọn kò fi orúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn tí a kì í já. Gáàsì dínkù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì múná wá tún kú, iná tún dínkù sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé gáàsì fún yín bóyá orúkọ tiẹ̀ ti wà níbẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi ìwé hàn yín. Bí ẹ̀rọ yín bá lè lo epo, ẹ yí i sí epo kí òtútù tó dé, kó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní tòótọ́.

Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òtútù ti ṣe àwọn ará Texas bẹ́ẹ̀ ní 2011. FERC àti NERC, àwọn àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà, kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ lọ́dún náà, kò sí ẹni tó fi dandan lé e. Nígbà tí òmíràn fi dé lọ́dún kẹwàá, ó lé ní 200 ènìyàn tó kú.

Ìbéèrè: Yìnyín ti bo wáyà lórí òpó, ó ń jó sókè sódò. Ṣé ká fi ọ̀pá gbá a?

Ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ pe àwọn tó ń tún wáyà gíga ṣe. Kò sí nǹkan tí ẹ lè ṣe síbẹ̀ àfi igi tó yẹ kí ẹ ti gé kí òtútù tó dé. Ní Québec ní Kánádà, oṣù Kìíní 1998, yìnyín wó òpó irin ńláńlá lulẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tí kò níná. Ẹ̀rọ ńlá ni Hydro-Québec, ilé iṣẹ́ iná wọn, wá gbé sí ìlú Lévis lẹ́yìn náà, tó ń fi iná DC (iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo) mú wáyà gbóná kí yìnyín lè yọ́. Ọ̀pá kọ́.

Ìbéèrè: Iná ti padà. A tan fídà, wáyà tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò, ó já lójú ẹsẹ̀. Ṣé rilé, ẹ̀rọ tó ń ní kí iná já bó bá pọ̀ jù, ti bàjẹ́ ni?

Rilé kò bàjẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí iná wà, hítà ilé kan ń ṣiṣẹ́, ti èkejì ń sinmi. Ilé tó bá ti tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, gbogbo hítà wọn ló máa fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín fídà náà sí wẹ́wẹ́, ẹ tan apá kan, ẹ dúró kí áńpíà rọlẹ̀ kí ẹ tó tan ìkejì. Bó bá ṣì ń já nígbà tí ẹ bá tan apá tó kéré jù, ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti já bọ́ sílẹ̀ níbì kan. Ẹ pa á, kí ẹ rán àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ wá a. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ká gbé ìwọ̀n rilé sókè kó má baà já, ẹ má gbà fún un.