Máàpù Lẹ Fi Ń Yan Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Múra Ìrìnàjò Tírélà Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá ń wa tírélà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín tó há sábẹ́ afárá rélùwéè, tí òrùlé rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ìdérí agolo sadíìnì. Lọ́dọọdún, ó ju 1,000 ìgbà lọ tí ọkọ̀ ń gbá afárá rélùwéè lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi ti bá irú rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ kan náà ni dẹ́rẹ́bà ń sọ fún ọlọ́pàá: "Satnav ló gbé mi gba ibí."

Mi ò bá satnav, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà nínú ọkọ̀, jà. Ó wà nínú ọkọ̀ mi, mo sì ń lò ó lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá ni ọ̀rọ̀ wọn ń ká mi lára. Wọ́n á kó gbogbo ìrìnàjò lé ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ láìṣí máàpù rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ yín ju ohun tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ sínú rẹ̀ lọ. Máàpù ni kí ẹ fi yan ọ̀nà. Satnav ni kó máa rán yín létí ọ̀nà tí ẹ ti yàn.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Satnav tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá, irú èyí tí Garmin tàbí TomTom ń tà, tó ní ibi tí wọ́n ti ń kọ gíga, ìbú, gígùn àti ìwúwo ọkọ̀ sí. Google Maps àti Waze orí fóònù, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ máa fi wo ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, ẹ má fi wá ọ̀nà. Bí owó ò bá tíì tó, ẹ ra àlòkù, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i dájú pé máàpù inú rẹ̀ ṣì ṣeé sọ dọ̀tun. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé máàpù àwọn onílọ́rì, èyí tí wọ́n tẹ gíga àwọn afárá tó lọ sílẹ̀ sí. Tọdún tó kọjá máa ń wálẹ̀ lówó nígbà tí tuntun bá jáde, òun ni mo máa ń rà. Ẹ má ra èyí tó ti gbó jù. Ní Ely, ní Cambridgeshire, afárá rélùwéè kan wà ní Stuntney Road tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ, tí ọkọ̀ ti gbá láìmọye ìgbà. 2018 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun tó yí i kọjá. Ihò abẹ́ odò Silvertown ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kẹrin ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Máàpù tó bá ti ṣáájú wọn kò mọ̀ wọ́n. Ẹ fi pẹ́ńsù, bébà, máákà dúdú tó nípọn àti téèpù bébà táwọn akunlé ń lò kún un.

Gíga ọkọ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, kódà bí ẹ bá máa fo gbogbo ìyókù.

Ẹ má wọn gíga ọkọ̀ kí ẹ tó so orí tírélà mọ́ bọ́dì ẹ̀yìn. Ẹ so ó tán ná, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún inú sọ́sípẹ́ńṣọ̀n kí ọkọ̀ dúró bó ṣe máa dúró lójú ọ̀nà. Bọ́dì kan náà lè ga lórí orí kan ju bó ṣe ga lórí òmíràn lọ. Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú bọ́dì dára láti mọ̀, àmọ́ kò tó. Bí kọntéénà lẹ bá gbé, ẹ wò ó dáadáa: èyí tó wọ́pọ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 6, èyí tí wọ́n ń pè ní high cube sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ínǹṣì 6. Lókèèrè, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Abẹ́ afárá ni ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn ti máa ń fara hàn.

Igi ìwọ̀n tó ń gùn sókè wà lọ́jà, ó sì wọ́n díẹ̀. Èmi ò rà á. Igi gígùn tí àwọn akunlé máa ń ki ròlà bọ̀ ni mo ní, èyí tó ṣeé fà gùn. Mo so orí téèpù ìwọ̀n onírin mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, mo gbé e sókè títí ṣóńṣó náà fi bá òrùlé dọ́gba, mo wá ka iye tó wà nílẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má gun ohunkóhun. Ibi tó ga jù lọ lẹ ń wá, kì í sì í ṣe òrùlé ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà: ó lè jẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, ó lè jẹ́ pákó afẹ́fẹ́ tó wà lórí kábù tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, ó lè jẹ́ ọwọ́ kéréènì tí ẹnì kan kò ká dáadáa. Tí mo bá wọ̀n ọ́n tán, mo máa ń fi ínǹṣì 3 kún un. Iye tí mo bá rí lẹ́yìn àfikún yẹn ni gíga ọkọ̀ mi, mi ò ní iye mìíràn.

Òfin ní kí gíga wà ní kíkọ nínú kábù, níbi tí dẹ́rẹ́bà ti lè rí i, bí ọkọ̀ bá ti ga ju mítà 3 lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní pátákó kékeré tí wọ́n ń yí nọ́ńbà rẹ̀. Ìṣòro pátákó náà ni pé nọ́ńbà àná máa ń wà níbẹ̀ títí di òní. Téèpù bébà lèmi ń lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní tèmi, mo máa ń fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì máa ń ya á dànù lójú ẹsẹ̀ tí mo bá já bọ́dì sílẹ̀. Bí mo bá dé orí ìjókòó tí mi ò rí téèpù, mo mọ̀ pé mi ò tíì wọn ọkọ̀.

Ohun tó kọ́ mi rèé. Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, bọ́dì aláṣọ ẹ̀gbẹ́ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ínǹṣì 9 ni mo gbé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi ní alájà méjì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 16. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, mo yára, mo sì tẹ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun sínú satnav lórí gíga tàná. Ó ní kí n máa lọ tààrà. Àmì pupa róbótó kan ló là mí lójú: 14'3", ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 14 àti ínǹṣì 3. Mo tẹ bíréèkì. Iná iwájú ọkọ̀ mi tàn sára irin afárá náà, mo sì rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dáadáa: ibi tí ọ̀dà ti bó, ibi tí ọ̀dà ọsàn ọkọ̀ ẹlòmíràn ti lẹ̀ mọ́ ọn, àti pẹ́ẹ́lẹ́ tapólì kan tó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ lórí bóòtù. Ọlọ́pàá méjì ló dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn mi títí mo fi fi ẹ̀yìn rìn dé oríta róńdábáòtù. Ẹ̀rọ náà ò purọ́ fún mi. Èmi ni mo parọ́ fún un.

Ewu kan tún wà níbi títẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì ló wà lórí téèpù yín, mítà sì lè ni satnav ń béèrè. 13'9" jẹ́ mítà 4.19. Mo ti rí ẹni tó tẹ 3.9, tó rò pé òun ti tẹ ohun tó yẹ. Ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan gé ọkọ̀ rẹ̀ kúrú. 14'6" jẹ́ mítà 4.42, 15'9" sì jẹ́ mítà 4.80. Kí orí má bàa gbóná, ẹ lọ sínú sẹ́tíìnì, kí ẹ yí i sí ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwúwo, gígùn àti ìbú kì í fa wàhálà tó bẹ́ẹ̀, inú ìwé ọkọ̀ ni ẹ ó ti rí wọn.

Kíka máàpù

Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń kà á bọ̀. Mo máa ń fi ìka sí ibi tí ẹrù ń lọ, mo sì ń wá ọ̀nà pupa tàbí ti àwọ̀ ewé tó sún mọ́ ọn jù, títí tí máa fi kan mọ́tòwéè tó jẹ́ àwọ̀ búlúù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà yóò yan mọ́tòwéè tó dára, yóò wá há sínú àdúgbò ní máìlì méjì tó kẹ́yìn.

Ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀nà náà gàdàgbà sórí bébà, ẹsẹ kan fún ọ̀nà kan. Láti èbúté Felixstowe lọ sí Coleshill lẹ́bàá Birmingham, tèmi kò ju báyìí lọ: A14 dé Catthorpe, M6, Junction 4, A446. Ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti sinmi ìṣẹ́jú 45 pẹ̀lú, kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí ẹ fi ń wakọ̀ tó pé.

Ẹ wá kọ ọ̀nà kejì sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí M6 bá dí. Ibẹ̀ ni satnav ti ń ṣe aájò tó ń pa ni lára: yóò rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níwájú, yóò sì yí yín sí ọ̀nà tí ẹ ò gbèrò. Ní agbègbè yẹn, ó lè gbé yín sórí A5. Lẹ́bàá Hinckley, afárá rélùwéè kan wà lórí A5 yìí tó wà lára àwọn tí ọkọ̀ ń gbá jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí gíga tí ẹ tẹ̀ bá tọ̀nà, yóò yẹra fún un. Bí kò bá tọ̀nà, tààrà ni. Nítorí náà mo ti pa yíyí-ọ̀nà-padà fúnra rẹ̀ nínú satnav mi. Kó béèrè lọ́wọ́ mi ná.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣọ́ ihò abẹ́ odò Blackwall. Apá tó lọ sí àríwá ti wà láti 1897, kò sì gba ọkọ̀ tó bá ga ju mítà 4 lọ. Silvertown tó wà nítòsí ni kí ẹ gbà, tàbí kí ẹ yí gba Dartford kọjá odò náà, kí ẹ sì rántí pé gbogbo wọn lẹ ó sanwó fún. Fóònù ò ní fi gíga ọkọ̀ yín yan ọ̀nà fún yín.

Máìlì tó kẹ́yìn

Postcode, àmì àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń tẹ̀ sínú satnav, kì í ṣe géètì. Ní ìgbèríko, ọ̀kan ṣoṣo lè kárí oko mélòó kan, àárín rẹ̀ sì ni satnav ń gbé yín lọ, ì báà jẹ́ ọ̀nà tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ yín á máa ha igi lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n pé géètì wo ni tírélà ń gbà, láti ìhà wo, àti bóyá afárá tó lọ sílẹ̀ wà nítòsí. Ẹni tó ń gba ẹrù ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi fóònù wo àwòrán ibẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ibi tí ojú táyà ti dúdú lórí kọnkéré ni ọkọ̀ ńlá ń wọlé sí. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí ẹ bá rí àmì róbótó tó ní lọ́rì àti 7.5T (tọ́ọ̀nù méje ààbọ̀) nínú, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń gba ẹni tó ń já ẹrù láyè láti wọlé, kì í gba ẹni tó kàn ń kọjá.

Lójú ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan. Fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń wakọ̀ jẹ́ ìtanràn £200 àti póíǹtì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì. Bí ẹ bá ṣi oríta gbà, ẹ máa lọ sí róńdábáòtù tàbí junction tó kàn. Ẹ má yà sí ọ̀nà kékeré nítorí pé ẹ̀rọ ní kí ẹ yà.

Àmì gíga tó bá wà nínú róbótó pupa, òfin ni: bí ọkọ̀ yín bá ga jù ú lọ, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Onígun mẹ́ta jẹ́ ìkìlọ̀, ẹ ó sì rí i ní ibi afárá tó tẹ̀ kọrọdọ. Àárín nìkan ló ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn kan mọ̀ pé wọ́n máa ń dín gíga gan-an kù díẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sórí àmì, wọ́n sì ń fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́. Ẹ má bá wọn ta á. Ẹ dúró, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n bá yín dá ọkọ̀ ẹ̀yìn dúró.

Bí ẹ bá wá gbá a, ẹ má sá, ẹ má sì kọ́kọ́ pe ọ̀gá. Pátákó kékeré kan wà lára afárá rélùwéè tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà afárá náà sí. Ẹ pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin lè ti wà lọ́nà lókè yín. Bí ẹ ò bá rí pátákó, 999.

Tí mo bá délé, mo máa ń ṣí máàpù mi, mo ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tí mo bá pàdé sí ẹ̀gbẹ́ ewé: géètì tó wà lẹ́yìn, róńdábáòtù tó fún jù, afárá tí kò sí nínú ìwé. Nígbà tí mo bá ra tuntun, mo máa ń jókòó ní ọjọ́ Sunday, mo ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, ewé kan lẹ́yìn èkejì.