Bí A Ṣe Ń Yanjú Aáwọ̀ Owó Oúnjẹ Nílẹ̀ Òkèèrè

Ní bùkà tí mo ti máa ń jẹun lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, a ti máa ń dá iye iyán àti iye ẹran kí ìyá olóúnjẹ tó ki ṣíbí bọ inú ọbẹ̀, nítorí náà kì í sí àríyànjiyàn nígbà tí a bá ń sanwó. Lókè òkun, ẹ ó ti jẹun tán kí bíìlì tó dé.

Bí iye rẹ̀ bá bà yín lẹ́rù, ẹ má tíì pariwo. Ẹ ní kí wọ́n gbé mẹ́nù padà wá, kí ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì, kí ẹ sì kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe gbogbo owó tó bá ṣàjèjì ni ìrẹ́jẹ. Ní Ítálì, "coperto" ni owó ìjókòó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ bí ó bá wà nínú mẹ́nù. Ní Pọ́túgà, wọ́n lè gbé búrẹ́dì àti èso ólífì síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, òfin kò ní kí ẹ sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi kan ẹnu, ẹ ti rà á nìyẹn.

Ẹja ló mú èmi ní Róòmù. Mo rí yúrò 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, mo sì rò pé owó odidi ni. N kò ka ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e, "etto", èyí tó jẹ́ gíráàmù 100. Ẹja náà wọn gíráàmù 900, owó rẹ̀ sì di yúrò 63. Mo bá agbáwo jà títí, àmọ́ èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹja lójú yín, kí wọ́n sì kọ àpapọ̀ owó rẹ̀ sílẹ̀, kó tó dé orí iná.

Bí iye inú bíìlì bá ju ti mẹ́nù lọ lóòótọ́, ọ̀gá ilé oúnjẹ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí ìlà tó fa wàhálà, torí ìka kò nílò ògbufọ̀. Bí ó bá yarí, ẹ ya fọ́tò ìwé méjèèjì, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì fi káàdì sanwó. Bí ẹ̀rọ POS bá bi yín bóyá náírà tàbí yúrò, ẹ mú yúrò, torí pàṣípààrọ̀ sí náírà tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sábà máa ń wọ́n. Àwọn fọ́tò náà ni ẹ ó fi pe ẹjọ́ lọ́dọ̀ báńkì yín bí ẹ bá padà dé Àkúrẹ́.