Bí mo ṣe dá wọn dúró kí wọ́n má pín ohun ìní bọ̀ọ̀dá mi

Bọ̀ọ̀dá mi ò tíì kú o, ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá 2021 ni wọ́n wọkọ̀ l'Ákùúrẹ́ tí wọ́n ń lọ Àbújá, wọ́n pè mí ní Lọ́kọ́ja pé àwọn ti jẹun, látìgbà yẹn a ò gbúròó wọn mọ́, fóònù ò lọ, a ò rí ọkọ̀, a ò rí òkú. Ìyàwó méjì, ọmọ mẹ́rin, ilé kan l'Ókè Àró, ṣọ́ọ̀bù méjì l'Árákalẹ̀, oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀.

Kò pẹ́ tí àbúrò bàbá wa ti ń gba rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù. A ò sọ̀rọ̀, àgbà ni wọ́n. Àmọ́ nígbà tó yá wọ́n pe mọ̀lẹ́bí jọ, wọ́n ní ká pín in ní ìdí-igi, ìyẹn kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ gba ìdá kan, ìdí méjì, ó parí. Ìyálé tó bí mẹ́ta ní orí-ò-jorí lòun fẹ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tiẹ̀ lọ́gbọọgba, ìyàwó kékeré tó bí ẹyọ kan bú sẹ́kún, ó ní ṣé ẹ ti sin ọkọ òun tí òun ò mọ̀ ni? Ẹnì kan tún là á mọ́ ọn lójú pé ìyàwó kékeré yìí ló mọ ibi tí ọkọ ẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ibẹ̀ ni mo ti dìde.

Mo ní kí ìyàwó méjèèjì wá, a jọ ṣí àpótí irin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bọ̀ọ̀dá níṣojú ara wa. Ìwé ilẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń kọ iye àpò kòkó, nísàlẹ̀ pátápátá ni pépà kan wà tí wọ́n ká sí mẹ́rin, òǹtẹ̀ kóòtù lára ẹ̀. Rìsíìtì wíìlì, ìwé ìpíngún, ni, bọ̀ọ̀dá ti lọ fi wíìlì náà pamọ́ sí probate, ẹ̀ka tó ń tọ́jú wíìlì, nílé ẹjọ́ gíga Àkúrẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyálé ń fọwọ́ tẹ́ pépà yẹn lórí itan ẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ ṣáá, kò sọ nǹkan kan.

Báwọn àgbà ṣe gbọ́, wọ́n ní ká lọ ṣí i kíá. Mo wá lọ́yà. Lọ́yà ní wọn kì í ṣí wíìlì ẹni tí ikú ẹ̀ ò tíì dájú, pé Evidence Act 2011, òfin ẹ̀rí Nàìjíríà, section 164, ló sọ ìgbà tó máa dájú: ẹni tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹ̀ ò bá gbúròó ẹ̀ fún ọdún 7 ni kóòtù máa gbà pé ó ti kú. Ká kà á, ó di 2028. Ẹni tó bá ta ilé yẹn báyìí, ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ ló tà. Ìdí-igi tí wọ́n ń pariwo, ti ẹni tó kú láìṣe wíìlì ni.

Mo lọ gba ẹ̀dà ìwé tá a kọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá ní 2021, mo búra ní kóòtù, mo gbé fọ́tò bọ̀ọ̀dá sínú ìwé ìròyìn. Mo ní kí péńtà fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. Látọjọ́ yẹn làbúrò bàbá wa ò ti dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí wọn.

Àdéhùn bá a ṣe máa tọ́jú ohun ìní náà ló gba àkókò jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la jókòó sí i. A ṣí àkáǹtì tuntun fún rẹ́ǹtì, èèyàn mẹ́ta ló ń sáìnì, èmi àti ìyàwó méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ò lè gbowó. Oko, a gbé e fún ẹni tó ń bá bọ̀ọ̀dá ṣe é tẹ́lẹ̀, ó ń kó ìdá tiwa wá. A ò fọwọ́ kan ilé àti ilẹ̀. Àwọn àgbà méjì sáìnì, àbúrò bàbá wa ò sáìnì, mo sì ṣì ń lọ kí wọn lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Rẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ti wọlé, school fees àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fi san. Àpótí ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ́kọ́rọ́ méjì la ṣe sí i, ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan.