Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Àléébù Wà Lára Sẹ́ńsọ̀ Rìfáàsì Tí A Fi Kún Píkọ́ọ̀pù

Píkọ́ọ̀pù ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kékeré tó dúró ti bọ́ńpà lè má hàn rárá nínú dígí awakọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onípíkọ́ọ̀pù fi ń ra sẹ́ńsọ̀ rìfáàsì mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń so mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, tó ń ké bí nǹkan bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n á ní kí rewáyà bá wọn so ó. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá wá dákẹ́, tàbí tó ń ké láìdábọ̀, ẹ má tíì ra òmíràn, nítorí wáyà àti ibi tí a gbé sẹ́ńsọ̀ sí ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jáde. Ìró náà á kan ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, á sì padà, àpótí kékeré tó ń darí wọn á wá fi àkókò tó lò lọ́nà mọ bí nǹkan náà ti jìnnà tó. Ohun tó wà ní mítà kan ń dá ìró padà láàárín nǹkan bí 6 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ fún mítà mẹ́ta. Ẹ fa birékì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi jíà sí rìfáàsì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ wo iná rìfáàsì, nítorí ibẹ̀ ni àpótí náà ti sábà ń gba iná. Bí iná yẹn kò bá tàn, fíúsì tàbí gílóòbù ni ẹ máa yẹ̀ wò. Bó bá tàn, ẹ fi mítà tí a fi ń wọn iná wọn wáyà tó wọ inú àpótí: ó yẹ kó tó nǹkan bíi 12 fọ́ltì. Lẹ́yìn náà ni wáyà dúdú tí a dè mọ́ irin ara ọkọ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá dógùn-ún, tàbí tí ọ̀dà bò ó, ẹ ha á títí irin yóò fi hàn, kí ẹ tó tún un dè. Lára àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí iná wọn, iná gílóòbù lè máa wá ní díẹ̀díẹ̀ léraléra, kíákíá tí ojú kò fi rí i; àpótí á sì máa kú, á máa jí. Ẹ ní kí rewáyà fi fílítà, ohun tó ń mú kí iná dúró déédéé, sí àárín.

Kíké láìdábọ̀ ló máa ń dààmú onípíkọ́ọ̀pù jù lọ, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kún fún irin. Irin tí a fi ń fa tirélà, táyà àpọ́jù tó so mọ́ abẹ́, tàbí férémù nọ́ńbà tó yọ síta lè dá ìró padà. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú sẹ́ńsọ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ ní àmì ọfà tó yẹ kó kọjú sókè, bó bá sì dorí kodò, ilẹ̀ ni yóò máa rí. Bọ́ńpà onírin tún ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí ó ń gbé ìgbọ̀nrìrì kiri. Òrùka rọ́bà gbọ́dọ̀ wà láàárín irin àti sẹ́ńsọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́, ẹ fi etí súnmọ́ ọn: èyí tó yè sábà máa ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wá pààrọ̀ ihò òun àti ti èkejì rẹ̀ lára àpótí. Bí àìsàn náà bá bá sẹ́ńsọ̀ lọ, òun tàbí wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́. Bó bá dúró sí ihò àtijọ́, àpótí ni. Ẹ tọ wáyà náà láti òpin dé òpin kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi, pàápàá níbi tó ti ń fara gbo ṣásí. Èyí tó máa ń ké kìkì nígbà òjò, omi ló sábà máa ń wọ ojú ìsopọ̀ rẹ̀: ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ fi rọ́bà dì í.

Nígbà tí ẹ bá parí, kí ẹnì kan gbé páálí ńlá lọ sẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti òkèèrè wá sí ìtòsí, kí ẹ sì gbọ́ bóyá igbe náà ń yára bó ti ń súnmọ́. Ẹ tún fi òpó tín-ín-rín dán an wò, nítorí òpó tín-ín-rín àti aṣọ rírọ̀ kì í dá ìró padà dáadáa, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò ti lè ràn án lọ́wọ́.