Ọjọ́ 21 tí mo fi gbàdúrà fún ojú mi

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ tún ti fi èjìká gbá férémù ìlẹ̀kùn yẹn o.” Èjìká òsì ni nígbà gbogbo. Èmi kà á sí ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 54 tó ti ń jókòó ti maṣín láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 19, bí kò bá tètè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, kí ló ṣe tuntun níbẹ̀? Mo ra gíláàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ ní Òṣogbo níbí. Ó di ọjọ́ tí ọ̀kadà kan yọ láti apá òsì, tí n ò rí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ẹsẹ̀ mi, kí ẹ̀rù tó bà mí.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré sí àkọ́bí mi. Ó kán oògùn tó mú ojú mi kú, ó gbé iná búlúù kan sún mọ́ mi títí ó fi kan ẹyinjú, n ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ìfúnpá inú ojú ọ̀tún mi jẹ́ 26, ti òsì 34, pé ó yẹ kó wà láàárín 10 sí 21. Wọ́n tún ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, wọ́n bo ojú kan, iná kéékèèké ń ṣẹ́jú níbí lọ́hùn-ún bíi tanátaná lóru. Bí mo bá ti rí ọ̀kan kí n tẹ bọ́tìnì. Mo rò pé mo gbìyànjú. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, ibi tó yẹ kí ojú òsì ti rí ẹ̀gbẹ́ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Glaucoma ni wọ́n ń pè é. Ó ṣàlàyé pé omi kan wà tí ojú ń ṣe fúnra rẹ̀, tó sì ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde dáadáa, á máa ti iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ, títí iṣan náà á fi máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni. Èyí tó ti kú, oògùn ò lè jí i. Èyí tó kù ni a ó máa ṣọ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, “Mọ́mì, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti fọ́jú rí?”

N ò lè dá a lóhùn.

Ojú màmá mi fọ́ ní 1998, nígbà tí wọ́n tó ọjọ́ orí tí mo wà báyìí. Iléṣà ni wọ́n bí wọn sí. Bàbá wọn wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó gbé omi lọ sí Òkè Ooye ní 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù níbẹ̀, tí ogunlọ́gọ̀ ń mu omi àdúrà tí wọ́n sì ń da oògùn ìbílẹ̀ wọn síta. Láti ọjọ́ náà, oògùn kankan ò wọ ilé wa mọ́, ìbáà ṣe tewé ìbáà ṣe tòyìnbó. N kò fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òun ló tọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú màmá mi ń ṣe bàìbàì, kò sẹ́ni tó mú wọn lọ síbì kankan, àfi aríran kan tó dé tó ní ẹni tó di ojú wọn, ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún màmá mi. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹ oúnjẹ Ìyá Kékeré mọ́. Màmá mi kú ní 2008, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò tún fọwọ́ kanra wọn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí po. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sórí òkè àdúrà kan. N ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi ní, “Ọwọ́ ìyá kan ń bẹ lójú yín.” Ara mi bù máṣọ. Wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí n máa kán òróró sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n sì gbé oògùn òyìnbó tì, kí Ọlọ́run má baà bá ẹnikẹ́ni pín ògo.

Mo gba ààwẹ̀. N ò gba ìyókù. Jémíìsì orí 5 ní kí àwọn alàgbà fi òróró kun aláìsàn, kò ní kí wọ́n dà á sínú ẹyinjú. Àti pé nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 20, Ọlọ́run ti sọ fún Hesekáyà pé òun yóò wò ó sàn, síbẹ̀ Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Olùṣọ́ àgùntàn ìjọ wa ló ta òróró sí mi níwájú orí. Nígbà tí mo bi wọ́n bóyá oògùn ojú á ba ààwẹ̀ mi jẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ìyá, ṣé ojú lẹ fi ń jẹun ni?”

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ní aago 5:30 àárọ̀, màá fi ọṣẹ fọ ọwọ́, màá jókòó, màá gbé orí sẹ́yìn, màá fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ títí yóò fi dà bí àpò, ẹ̀kán kan péré. Màá di ojú, màá fi ìka tẹ igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì, kí oògùn má baà sàn lọ sọ́fun. Níbẹ̀rẹ̀ mo máa ń ka 1 dé 120, ó sì máa ń sú mi. Ni mo bá rí i pé Sáàmù 13, ẹlẹ́sẹ 6, bí mo bá kà á wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á gba àkókò yẹn gẹ́lẹ́. Ẹsẹ kẹta rẹ̀ ló ń bẹ Olúwa pé kó mú ojú òun mọ́lẹ̀. Lálẹ́, oògùn méjì ni, màá sì fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín wọn kí èkejì má baà fọ ti àkọ́kọ́ dànù. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo máa ń ṣínu.

Lóru ọjọ́ kẹrìnlá, mo fẹ́ gba àdúrà tí wọ́n kọ fún mi lórí òkè, ti ẹni tó di ojú mi. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ṣí Jòhánù orí 9 dípò rẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń bi Jésù pé ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin yìí ní afọ́jú, òun tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Mo pa Bíbélì dé. Ìbéèrè dókítà yẹn ń dún létí mi. Àìsàn tó ń bá ẹbí rìn ni, àwa sì fi ọdún mẹ́wàá pe ènìyàn ní àjẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìfúnpá ti di 17 àti 16. Ibi tó ṣókùnkùn ò padà. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, àwọn kan sì kùn pé ìgbàgbọ́ mi ò pé. Èmi fẹ́ràn ọkùnrin Bẹtisáídà nínú Máàkù 8, tí Jésù gbé ọwọ́ lé lójú, tó bi í ohun tó rí, tó sì sọ pé ènìyàn lòun rí, ṣùgbọ́n bí igi tó ń rìn. Kò parọ́ ẹ̀rí. (Irun ìpéǹpéjú mi náà wá gùn, ọ̀kan nínú oògùn yẹn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti bi mí ibi tí mo ti lọ lẹ̀ ẹ́.)

Dókítà ní kí gbogbo ẹbí màmá mi wá yẹ ojú wò. Mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ìyá Kékeré ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò wo ọwọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Àbẹ̀kẹ́, ọdún kẹfà nìyí tí ojú ọ̀tún mi ti kú.”

“Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, mà?”

“Ta ni kí n sọ fún? Ẹ̀san lẹ máa ní ó jẹ́.”

Ìfúnpá ojú òsì wọn jẹ́ 31. Ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn kán oògùn báyìí, nítorí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọn ò mọ̀wé, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pè wọ́n ní aago 5:30, tí èmi á kán tèmi, tí wọ́n á bá wọn kán tiwọn, tí a ó di ojú, tí mo ó sì máa ka Sáàmù náà lórí fóònù kí wọ́n máa gbè é. Ìṣẹ́jú méjì ló yẹ kó gbà. Wọ́n ti wá ń fi oríkì màmá mi kún un, a ò sì kí í parí kí ọjọ́ tó mọ́.