Kò Sí Bluetooth 11: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Fẹ́ Mọ Ẹ̀dà Bluetooth Inú Fóònù

Ìgbà tí owó kajú bá bọ́ sọ́wọ́ ni ọjà fóònù máa ń gbóná lọ́dọ̀ wa, láti Kàbà dé Ìsánlú dé Ẹgbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra tuntun ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ tòkunbọ̀ ń bọ̀, wọ́n sì ti ní ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń ná ọjà báyìí: "Bluetooth mélòó ni?" Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn tí wọ́n ń gbà lé e lórí ló ń kọ mí lóminú, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo nọ́ńbà yẹn, nọ́ńbà nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ọmọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù á gba fóònù, á wọ Sẹ́tíńgì, á tẹ Apps, á tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, á mú Show system, á wá Bluetooth kàn láàárín àwọn áàpù tó tò síbẹ̀, á wá fi ìka fa ojú ewé náà títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ version 11 sí.

"Ọ̀kun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fojú ara yín rí i. Bluetooth 11 ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, 9 ni."

Ẹ̀gbọ́n á sì sanwó.

Kò sí Bluetooth 11 láyé ńbí. Kò sí 9 náà. Ẹ̀dà 5.0 jáde ní ìparí ọdún 2016, 5.3 dé ní 2021, 5.4 ní 2023, ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án 2024 ni 6.0 tó wọlé. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn kà ni nọ́ńbà áàpù tí Android fi ń darí Bluetooth, nọ́ńbà Android fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Android 11 ló wà nínú fóònù náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpídéètì bá sọ ọ́ di 12 lọ́la, ibẹ̀ náà á di 12, ṣíìpù tó ń gbé Bluetooth kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mi ò lè dá ọmọ náà lẹ́bi tán, torí àìmọye ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ èèyàn ní ọ̀nà yìí gan-an, tí wọ́n tún ya àwòrán sí i.

Àwọn tó rò pé àwọn jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ máa ń wọ Developer options. Wọ́n á tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje kó lè ṣí, wọ́n á rí Bluetooth AVRCP version, wọ́n á bá 1.5 tàbí 1.6 níbẹ̀, ọkàn wọn á sì dàrú pé fóònù àwọn ti di ti ayé àtijọ́. AVRCP ni ìlànà tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì ara íápíìsì lè dá orin dúró tàbí kó fò sórí èyí tó kàn, òun náà ló ń jẹ́ kí orúkọ orin hàn lójú rédíò ọkọ̀. MAP version tó wà nítòsí rẹ̀, ti kíka àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Kò sí èyí tó ń sọ ẹ̀dà Bluetooth nínú àwọn méjèèjì. Ẹ má sì dán an wò láti yí wọn sókè bí ẹni ń fi kún agbára fóònù. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe ń sọ rédíò ọkọ̀ wọn di èyí tí kò gbọ́ràn sí fóònù mọ́, tí wọ́n á wá máa bú rédíò.

Bluetooth address tó wà nínú About phone ńkọ́? Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà ni, àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà ni. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀dà, kò sì yẹ kí ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba kóòdù lórí WhatsApp, irú èyí tó máa ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí sí àmì #, ẹ rọra. *#06# ń fi IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, hàn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù kan wà lára àwọn Samsung àtijọ́ tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ló máa pa rẹ́ láìbi yín ní ìbéèrè kankan. Ẹni tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti ń wá nọ́ńbà Bluetooth kò fẹ́ràn yín.

Níbo ni ká wá wò? Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀, ẹ sì má fi orúkọ ọjà rọ́pò rẹ̀, àṣìṣe mìíràn tó ń jẹ owó èèyàn nìyẹn. Ẹ wo Galaxy A12. Orúkọ kan náà ló wà lára páálí, àmọ́ SM-A125 wà, ṣíìpù Helio P35 ti MediaTek ló wà nínú rẹ̀. SM-A127 sì wà, Exynos 850 ni tirẹ̀. Ẹni méjì lè ra A12 lọ́jọ́ kan náà kí ikùn fóònù wọn má jọra. Ẹ lọ sí About phone, ẹ ka Model number lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn wá fóònù náà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí lórí GSMArena, ìkànnì tó ń to àlàyé fóònù jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀dà Bluetooth sí gbangba. Dátà tí ẹ máa fi ṣe é kò tó èyí tí fídíò kékeré kan máa jẹ.

Ayédèrú nìkan ló lè ba ọ̀nà yìí jẹ́. Fóònù ayédèrú máa ń purọ́ nínú About phone tirẹ̀ gan-an: módẹ́ẹ̀lì ńlá, RAM ńlá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ lásán. Bí IMEI tí *#06# gbé jáde kò bá bá ti ara páálí mu, ẹ fi Bluetooth sílẹ̀ ná, ẹ gba owó yín padà.

Áàpù wà tó lè ran èèyàn lọ́wọ́, irú AIDA64 tàbí nRF Connect, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbà wọ́n gbọ́ bí ìwé mímọ́, ẹ gbọ́ èyí. Android kò ṣí ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí áàpù lásán lè gbà bi í léèrè pé, "Ẹ̀dà Bluetooth wo ni ọ́?" Ohun tí áàpù lè bi í kò ju pé, ṣé fóònù yìí lè ṣe LE 2M, ọ̀nà tó yára? Ṣé ó lè ṣe Coded PHY, ọ̀nà tó ń lọ jìnnà? Ṣé ó lè ṣe LE Audio, ọ̀nà tuntun tí ohùn ń gbà kọjá? Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn ni áàpù fi ń méfò pé ẹ̀dà báyìí ni, tàbí kó lọ wo àkójọ módẹ́ẹ̀lì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan yẹn kì í sì ṣe dandan fún ilé iṣẹ́ láti fi sínú fóònù. Fóònù lè jẹ́ 5.0 tòótọ́ kó má ní Coded PHY. Ìdí nìyẹn tí áàpù méjì fi lè sọ ohun méjì lórí fóònù kan ṣoṣo, tí ẹni tó ni ín á ro pé ọ̀kan nínú wọn ń jí dátà òun. Ọ̀rọ̀ olè ọ̀hún, ẹ wo ohun tí áàpù ń tọrọ. Bó bá ní kí ẹ gba òun láyè láti rí àwọn ẹ̀rọ tó wà nítòsí, ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Bó bá ń bèèrè fún nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ yín àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má sì gba áàpù tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ láti fóònù tirẹ̀. Play Store ni kí ẹ ti mú un.

Ọ̀rọ̀ iPhone kò gùn. Kò sí ibì kankan nínú Sẹ́tíńgì tí Apple kọ ọ́ sí, ẹ má dààmú ara yín. iPhone 7 jẹ́ 4.2. Láti iPhone 8 tó jáde ní 2017 títí dé 13, 5.0 ni gbogbo wọn. 14 ló bẹ̀rẹ̀ 5.3. Ẹni tó bá ń fi Bluetooth gbé owó lé 12 tòkunbọ̀ ju 11 lọ, ẹ ní kó wá nǹkan mìíràn sọ.

Ó kù kí ẹ rí nọ́ńbà tó jẹ́ òótọ́ tán kí ẹ tún wá gbà pé ó ṣe ìlérí ohun tí kò ṣe. Níbí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń ta fóònù ló mọ orin yìí: 5.0 yára ní ìlọ́po méjì, ó sì ń lọ jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ apá Bluetooth kan tí wọ́n ń pè ní Low Energy ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ìyẹn èyí tí smartwatch àti irú rẹ̀ ń lò. Èèyàn kò sì lè jẹ méjèèjì pọ̀: ọ̀nà tó yára kì í lọ jìnnà, èyí tó ń lọ jìnnà máa ń falẹ̀. Orin tó ń ti inú fóònù bọ́ sínú sípíkà, Bluetooth ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Classic, ló ṣì ń gbé e lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù. Nítorí náà, ẹ̀yin akọrin tí ẹ fẹ́ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ máa fi fóònù darí sípíkà tó wà níwájú, 5.3 kò ní gbà yín. Bíi mítà 10 ni ẹ lè fọkàn sí, ìyẹn pẹ̀lú pé kò sí ohun tó dínà. Ara èèyàn gan-an jẹ́ ìdínà, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi sì máa ń fa ìgbì 2.4 GHz tí Bluetooth ń lò mu. Ẹ fi fóònù sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, kí ẹ kọjú sí sípíkà: ohùn á máa já. Ẹ mú un jáde síwájú: ó dúró. Lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru tí ìjọ bá kún, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀.

Fíìmù fífiránṣẹ́ náà ńkọ́? Láti 2004 tí ẹ̀dà 2.0 ti mú EDR, ìlànà tó jẹ́ kó yára sí i, wá ni ọ̀nà yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan: ó pọ̀ jù kó ṣe 3 Mbps (megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló ń ṣe MB kan), ohun tó sì ń kọjá gan-an kò ju bíi 2 lọ. Fíìmù 700MB á gbà tó ìṣẹ́jú 45. Kí ẹni kan tó náwó lórí fóònù tuntun torí kí fíìmù lè máa yára, kó mọ̀ pé Wi-Fi ni Xender àti Quick Share fi ń kó ẹrù.

Dídùn ohùn náà, kódẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù ń gbà fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ló ni ín. SBC ni gbogbo wọn ní. AAC, aptX àti LDAC ni àwọn mìíràn ń fi kún un. LDAC wà nínú Android láti ẹ̀dà 8.0, kò sí lórí iPhone. Íápíìsì tó ní LDAC lórí fóònù tí kò ní in, SBC tàbí AAC ni wọ́n á jọ lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ẹ̀dà: bí ọmọ Ìyàgbà bá pàdé ará Lọ́kọ́ja tí kò gbọ́ Ìyàgbà, èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ ni wọ́n á sọ. Íápíìsì 5.3 á so mọ́ fóònù 4.2 láìsí wàhálà, àǹfààní tí 5.3 bá ní lọ́tọ̀ ni kò ní hàn. Nítorí náà, ẹ má ju íápíìsì yín nù torí nọ́ńbà, ẹ má sì ka nọ́ńbà ara páálí íápíìsì kí ẹ sọ pé ti fóònù ni.

Ibi tí nọ́ńbà ti lè dí yín lọ́nà pátápátá ni fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ wọn ní Bluetooth tó ń kọ orin sí sípíkà dáadáa, ṣùgbọ́n Low Energy kò sí nínú ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 4.0. Smartwatch kò ní bá a sọ̀rọ̀, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ rà á.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ọmọ tó wà lókè òkun á ra a fún bàbá tó wà ní Ìyàrà, á bèèrè lórí WhatsApp pé, "Bàbá mi, Bluetooth mélòó ni fóònù yín?" Àbúrò kan á bá bàbá wò ó, á dáhùn pé 5.2, owó ńlá á sì jáde. Ẹ̀rọ náà á dé, kò ní so mọ́ fóònù. Apple ní ọ̀nà tirẹ̀ fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Google ní ASHA, láti Android 10, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ń pinnu bóyá yóò fi sí i. LE Audio tó jẹ́ tuntun nílò ẹ̀dà 5.2 ó kéré tán, Android 13 sì ló mú un wá, síbẹ̀ fóònù tó ní méjèèjì lè má ní in. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn máa ń tẹ àkójọ fóònù tó bá ẹ̀rọ wọn mu síta. Ẹ ya fọ́tò About phone bàbá, ẹ gé ibi tí IMEI wà kúrò, ẹ jẹ́ kí Model number hàn ketekete, kí ọmọ náà fi wé àkójọ yẹn kó tó sanwó.