Àwọn àṣìṣe tó sọ etí omi Salton Sea di ahoro

Bí ibi ìgbafẹ́ kan bá kú, àwọn èèyàn á ní àkókò rẹ̀ ló tó. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Salton Sea, adágún kan ní gúúsù Kalifọ́níà. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ọkọ̀ ojú omi ń sá eré ìje níbẹ̀, ìdílé ń pàgọ́, àwọn gbajúmọ̀ ń wá ṣe fàájì. Lónìí, egungun ẹja ni èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi náà.

Ẹ má kọ́lé sétí omi tí ẹ ò mọ ibi tó ń gbà jáde. Àṣìṣe yìí ló bí gbogbo ìyókù. Ní 1905, odò Colorado ya gba ojú omi tí wọ́n là fún oko, ó sì ń dà sínú àfonífojì gbígbẹ kan tó fi mítà tó lé ní 60 relẹ̀ ju òkun lọ. Wọn ò rí i dí títí di 1907; bí adágún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Omi tó ń ṣẹ́kù láti oko àfonífojì Imperial àti Coachella ló wá ń bọ́ adágún náà látìgbà yẹn, tòun ti iyọ̀ àti ajílẹ̀ inú rẹ̀. Kò sì lójú àbájáde kankan. Oòrùn aṣálẹ̀ ń fa omi lọ, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀, bí ọbẹ̀ tí a gbé kaná tí a ò dé: bó ṣe ń gbẹ ló ń níyọ̀ sí i. Iyọ̀ rẹ̀ ti ju ti òkun lọ báyìí. Ajílẹ̀ ní tirẹ̀ ń mú kí ewé inú omi hù lápọ̀jù. Bí ewé bá jẹrà, á gba èémí mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ní 1999, ẹja epìyà kú níbẹ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù.

Ó dùn mí pé kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ ní Salton City, létí adágún náà, ní 1958, adágún náà ti lo àádọ́ta ọdún láìní ojú àbájáde.

Ẹ má sì ka òpópónà sí ìlú. Wọ́n la títì, wọ́n fún wọn lórúkọ, wọ́n ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún pulọ́ọ̀tì. Iyanrìn lásán ló ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìjì. Lóòótọ́, ìjì Kathleen ti 1976 àti Doreen ti 1977 bá ibẹ̀ jà, omi sì gbé ilé mì ní Bombay Beach, ìlú kékeré kan létí adágún náà. Ṣùgbọ́n ní 2003, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé kí lára omi oko máa lọ sí San Diego. Ohun tó ń wọ adágún dín kù, etí rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, eruku ilẹ̀ tó yọ síta sì ń bá àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée fínra. Odi yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n mọ ní Bombay Beach nítorí àkúnya ti jìnnà sí omi báyìí.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ lọ ya fọ́tò: ẹ má wọ ilé onílé. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀. Ní North Shore, létí adágún náà, wọ́n tún ilé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe ní 2010, èyí tí ayàwòrán ilé Albert Frey yà, àwọn ará àdúgbò ló sì ń lò ó fún ìpàdé wọn.